Ìdérí Ìgò Mọ́kànlá

Láti àná tí a ti ti pápá dé, ẹnu ò tíì sinmi
lábẹ́ igi furúùtù Ìjámọ̀, nílé iṣẹ́ Bàbá Ọlátẹ̀jú fọkanáísà.
Ìdérí ìgò mọ́kànlá ló wà lórí táyà tírélà:
mẹ́rin lẹ́yìn, mẹ́rin láàárín, méjì níwájú,
èyí tó ti dípẹtà ló ń ṣọ́lé.

"Ibí la wà," Fátúnmíṣe ní, "a ti fi ẹyọ kan lé wọn,
ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n,
àwọn ará Òṣú ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọ̀sán."
Ó fi ìka méjì gbé nọ́ńbà náìnì kúrò
bí ẹni ń yọ eṣinṣin nínú ọbẹ̀.
"Ohun tí Kóòṣì ṣe rèé! Ta ní í ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó ní ohun tó ń ṣọ́ ni," Tísà Ọ̀wọ́ṣẹní dáhùn.
"Ẹni tó ti rí owó he, ẹnu àpò ló ń dì."
Ó tẹ ìdérí karùn-ún mọ́ ẹ̀yìn. "Ògiri nìyí."

"Ògiri!" Màmá Bọ́lájokò télọ̀ fi sísọ́ọ̀sì gún afẹ́fẹ́.
"Ògiri tí aláǹgbá méjì gbà wọlé!"

Bàbá Arówóṣafẹ́ wúkọ́, a dákẹ́ fún un.
"Mo ti ṣe òṣómàáló rí, láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀fà.
Mo ti lóṣòó láti ìdájí
títí oòrùn fi kúrò lórí páànù.
Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ta ni mo lóṣòó sí?
Ti ajigbèsè ni!
Ta ló rí òṣómàáló tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀,
tó ní kí gbèsè máa bọ̀ wá bá òun nílé?"
Ẹ̀rín ta. Tísà pàápàá fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá Ọlátẹ̀jú ò rẹ́rìn-ín. Ó ń ha rọ́bà, ó ń ha á.
Ọmọ rẹ̀ ni nọ́ńbà náìnì.
"Ọmọ tó gbá ọ̀kan wọlé, ẹ ní kó wá jókòó.
Kó dáa. Kó dáa náà ni."

Èmi ò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo gbé báàgì omi.
Mo rí orúnkún Ọlátẹ̀jú nígbà tó ká sọ́kọ̀tọ̀ sókè,
ó wú, ó ń dán bí àgbálùmọ̀.
Mo gbọ́ ohun tó sọ sí Kóòṣì létí:
"Ẹ má jẹ́ kí bàbá mi mọ̀, sà. Wọn ò ní jẹ́ n gbá a mọ́."
Kóòṣì wo ẹsẹ̀, ó wo aago,
ó wo ibi tí kò sí nǹkan kan.
Ìgbà náà ló gbé pátákó sókè.

Àfi bí a ṣe rí i tó ń ti alùpùpù bọ̀ lórí òkè,
táyà ẹ̀yìn ti rọ̀ pátápátá.
Fátúnmíṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewé igi.
Bàbá Ọlátẹ̀jú gba táyà láìkí i,
ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi, ó ń wá ibi tó ti ń mí.

Kóòṣì Ajéwọlé dúró ti àwọn ìdérí ìgò, ó pẹ́.
Kò fọwọ́ kan náìnì. Adẹ́yìnmú ọwọ́ òsì ló sún,
ó sún un síwájú, ìwọ̀n ìka kan péré.
"Èyí," ó ní. "Èyí ni mo ṣì."
Ó bi wọ́n ní iye, wọ́n ní ẹgbẹ̀rin náírà.
Ó san án láìná an, Ìjẹ̀ṣà ọmọ Ìjẹ̀ṣà!
Ó gun alùpùpù lọ.

Eruku rẹ̀ ò tíì balẹ̀:
"Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́wọ́!"
"Ìjẹ́wọ́ ìka kan?"
"Ìka kan ni bọ́ọ̀lù gbà kọjá, ṣé ẹ ò rí i ni?"

Nọ́ńbà náìnì ti já bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá abọ́ omi.
Mo ṣà á, mo jù ú sápò.
Títí mo fi délé ló ń gún mi nítan.